Zoology ni àbí Wildlife? Ẹ gba àbúrò mi nímọ̀ràn

Rónkẹ́ (Maryland): Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi tó wà ní Bódìjà fẹ́ wọ Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹranko igbó ló ń wù ú, Amẹ́ríkà níbí ló sì fẹ́ ti wá fi ṣiṣẹ́ tó bá yá. Bàbá wa ní Zoology (ìmọ̀ ẹranko) ni kó ṣe, àbúrò mi ní Wildlife and Ecotourism Management (àbójútó ẹranko igbó àti ìrìn-àjò afẹ́) lòun fẹ́. Èwo ni wọ́n máa kà sí lọ́dọ̀ wa níbí?

Bọ̀dá Délé (Texas): Rónkẹ́, o káre tí o tètè béèrè. Kì í ṣe orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí ni wọ́n máa wò, kọ́ọ̀sì tó wà nínú transcript ni. Fún iṣẹ́ onímọ̀ ẹranko igbó, ohun tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń béèrè kò kéré sí kírẹ́díìtì (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka kọ́ọ̀sì) 9 nínú ti ẹranko igbó gan-an, bí ìmọ̀ ẹyẹ tàbí àbójútó ẹranko. 12 nínú Zoology. Àti 9 nínú Botany tàbí ohun tó jẹ mọ́ ewéko. Ti ewéko yìí ni kó ṣọ́ra fún jù, torí ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà lára ẹranko lè gbàgbé pé ewé ni wọ́n ń jẹ, orí igi ni òmíràn ń sùn. Bó bá ṣe Zoology, kó mú Botany àti kọ́ọ̀sì Wildlife kún un. Bó bá ṣe Wildlife, kó má jẹ́ kí ti ìrìn-àjò afẹ́ gba àyè Zoology mọ́ ọn lọ́wọ́. Kó má sì sá fún Statistics rárá.

Ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni ìjọba àpapọ̀ sábà máa ń gbà síṣẹ́ o. Fún ẹni tó ń ti ilé bọ̀, máásítà ni ọ̀nà tó dáa jù: ọ̀jọ̀gbọ́n tó ní owó ìwádìí lọ́wọ́ lè bá a san owó ilé-ìwé, kó sì máa fún un lówó oṣù. Kó máa wo ibi tí Yunifásítì Texas A&M ń lẹ irú àyè bẹ́ẹ̀ mọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìyá Tèmi (Leeds): Kó tó kúrò nílé, kó gba àlàyé kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Kóòdù àti àkọlé nìkan kò sọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ.

Kó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nísinsìnyí. Ẹyẹ kan wà tó ń jẹ́ Ibadan malimbe, gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti ń rí i. Ní 1958 ni Elgood, olùkọ́ Zoology ní Ìbàdàn, ṣàpèjúwe rẹ̀. Ó wà nínú igbó IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn. Kó tọrọ àyè níbẹ̀, kó mú báínókúlà àti ìwé dání, kó máa kọ aago, ibi tó dúró sí, iye ẹyẹ tó rí àti ohun tí wọ́n ń ṣe. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń wu ọ̀jọ̀gbọ́n gan-an ni.

Rónkẹ́: Ẹ ṣeun, mà. Bọ̀dá, ṣé yúnìtì tiwa ní Nàìjíríà náà ni wọ́n á kà sí kírẹ́díìtì bẹ́ẹ̀?

Bọ̀dá Délé: Rárá o. Àwọn bíi WES, iléeṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè wò, ló máa yí i padà. Kó ní kí wọ́n ṣe é ní kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kàn sọ pé ó ní dìgírì kò ní fi kírẹ́díìtì hàn.