Ọjọ́ Àkọ́kọ́ tí Ọkọ̀ Yín Gúnlẹ̀ sí Erékùṣù: Ẹ̀yin Atukọ̀ Ọmọ Òṣogbo, Ẹ Wá Sọ Tiyín

Àdùkẹ́ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Òròkí. Àbúrò mi ọkùnrin ti parí ẹ̀kọ́ ààbò ojú omi, ó sì ti rí iṣẹ́ nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ olówó kan tí yóò gbéra ní Las Palmas, ní erékùṣù Kánárì ti orílẹ̀-èdè Sípéènì, ní oṣù Kọkànlá, tí yóò sì la òkun Àtìláńtíìkì kọjá lọ sí àwọn erékùṣù Kàríbíánì. Láti ìgbà tí màmá wa ti gbọ́ ní Òṣogbo níbí, ohun tí wọ́n ń bi mí kò ju ẹyọ kan lọ: lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ débẹ̀, ta ni yóò gbà wọ́n sílé? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ bí ọjọ́ àkọ́kọ́ yín ṣe rí.

Atukọ̀ Òkè-Fìà
Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́, ẹ kú àníyàn. Ẹ bá mi sọ fún màmá pé kò sí ẹni tí yóò gbà wọ́n sílé, nítorí inú ọkọ̀ náà gan-an ni ilé wọn. English Harbour ní Antigua ni èmi kọ́kọ́ dé. Òwúrọ̀ kùtù ni a rí òkè rẹ̀, gbogbo wa sì jáde síta láti wò ó. Kí a tó ju ìdákọ̀ró, ọ̀gá ọkọ̀ ti ní kí n fa àsíá yẹ́lò sókè ní apá ọ̀tún, èyí tí ó ń sọ fún àwọn aláṣẹ pé ara gbogbo wa dá, a sì ń tọrọ àyè láti wọlé. Òun nìkan ni ó gba ìwé ìrìnnà wa jọ, tí ó mú àkọsílẹ̀ orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ dání, tí ó sì wọ ọkọ̀ kékeré lọ bá àwọn aṣọ́bodè. Títí tí yóò fi padà, ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Àwa tí ó fi sílẹ̀ gbé ọṣẹ àti omi tí kò níyọ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ọkọ̀ láti orí òpó dé ibi tí omi òkun ti bẹ̀rẹ̀, nítorí iyọ̀ tí oòrùn bá sá gbẹ máa ń jẹ irin dídán, ó sì máa ń sọ gíláàsì di bàìbàì. Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó parí. Mò ń gbọ́ ìlù àwọn tó ń jó ní èbúté, aṣọ ìnujú-gíláàsì sì wà lọ́wọ́ mi.

Ọmọ Aláàdìrẹ
Gbogbo fọ́tò abẹ́ igi àgbọn tí ẹ ń gbé sórí Facebook nígbà náà ńkọ́, ọjọ́ wo ni ẹ yà wọ́n?

Atukọ̀ Òkè-Fìà
Ọjọ́ ìsinmi ni, ọ̀rẹ́ mi. Ta ni yóò ya fọ́tò kànìnkànìn?

Bàbá Ìbejì Ayétòrò
Ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ ìtàn àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n kó lọ sí òkè òkun, tí ẹni tó kó wọn lọ gba ìwé ọwọ́ wọn, tí wọn kò sì rí ọ̀nà padà wálé mọ́. Àdùkẹ́, sọ fún ọmọ yẹn kí ó má ṣe fi ìwé rẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ẹnjiníà Ìgbọ̀nà
Bàbá, ẹ̀rù yín tọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ pa pọ̀ yìí. Ọ̀gá ọkọ̀ ni ìjọba erékùṣù yóò mú bí ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá sálọ. Nítorí náà ni ó fi ń kó ìwé wa lọ pọ̀, tí ó sì ń fi pamọ́ sínú àpótí irin lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lu òǹtẹ̀. Bí ènìyàn bá fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lórí àkọsílẹ̀ lójú àwọn òṣìṣẹ́ ìwọlé, àwọn yẹn yóò sì kọ́kọ́ béèrè tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú tí yóò gbé e lọ sílé. Àdéhùn àgbáyé nípa iṣẹ́ ojú omi tí wọ́n ṣe ní 2006 sì ní kí ẹni tó gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́ san owó tí yóò fi padà sílé.

Alásè Orí Òkun
Atukọ̀ Òkè-Fìà, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n rò pé gbogbo erékùṣù ni ó rí bí Antigua. Le Marin ní Martinique ni a gúnlẹ̀ sí ní tiwa, orí kọ̀ǹpútà kan nínú ṣọ́ọ̀bù ni ọ̀gá wa sì ti fúnra rẹ̀ tẹ orúkọ wa. Wọ́n tẹ ìwé náà jáde, ó san owó táṣẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ sì parí. Kí oòrùn tó kan àtàrí, mo ti wà lọ́jà, nítorí ẹni tó ni ọkọ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú àlejò, ẹ̀fọ́ tútù kan kò sì ṣẹ́ kù nínú fíríìjì. Ẹ̀yin ará mi, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, kókò àti gbẹ̀rẹ̀fùtù ni mo bá lórí àtẹ! Mo ra kókò pọ̀, mo sì yan díẹ̀ nínú gbẹ̀rẹ̀fùtù náà fún àwa òṣìṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwọn òyìnbó inú wa kọ́kọ́ fi ojú burúkú wò ó, ṣùgbọ́n nǹkan kan kò kù nínú àwo.

Atukọ̀ Òkè-Fìà
Ilẹ̀ Faransé ni Martinique, ìyá alásè. Ẹ kò lè fi ìlànà àwọn Faransé ba ìtàn tèmi jẹ́.

Alásè Orí Òkun
Èmi kò ba nǹkan kan jẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ọmọ náà béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ erékùṣù tí wọn yóò kọ́kọ́ kàn, kí ó tó máa fi oorun tó yẹ kí ó sùn ronú nípa àsíá yẹ́lò.

Ọmọ Aláàdìrẹ
Ẹ dákun, ṣé òótọ́ ni pé ilẹ̀ máa ń mì lẹ́sẹ̀ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti orí òkun?

Ẹnjiníà Ìgbọ̀nà
Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ara ti mọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń yí ènìyàn síhìn-ín sọ́hùn-ún, ọpọlọ kò sì tíì gbà pé ó ti parí. Mo dúró sórí ìlà ní báńkì, mo sì di ògiri mú.

Bàbá Ìbejì Ayétòrò
Ọtí ni.

Ẹnjiníà Ìgbọ̀nà
Bàbá, ọmọ Àlhájì ni mí.

Àkànbí Òlàìyá
St. Helena ni tèmi, ní àárín gbùngbùn Àtìláńtíìkì apá gúúsù. Kò sí èbúté tí ọkọ̀ lè sá sí níbẹ̀. Ara okùn àwọn bọ́ì, ìyẹn àwọn àgbá tó léfòó, ni a so ọkọ̀ mọ́ ní iwájú ìlú Jamestown, ọkọ̀ kékeré kan sì wá kó wa lọ sí ibi àtẹ̀gùn òkúta, ìgbì òkun sì ń gbé ọkọ̀ kékeré náà lọ sókè sódò. Wọ́n so okùn rọ̀ láti òkè ibẹ̀. Ènìyàn yóò dúró de ìgbì, yóò rọ̀ mọ́ okùn náà, yóò sì fo. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni awakọ̀ kan sọ fún mi nípa àfonífojì Rupert, níbi tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ènìyàn wa sí láti 1840 lẹ́yìn tí wọ́n gbà wọ́n nínú ọkọ̀ akẹ́rú. Àwọn tí wọ́n kó síbẹ̀ lé ní 20,000, ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú wọn sì kú nítorí àìsàn tí wọ́n ti kó nínú ọkọ̀. Mo ní kí ó gbé mi lọ. Kò sí ẹni tó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé irú ibẹ̀ wà, mi ò sì rántí ohun mìíràn tí mo ṣe lọ́jọ́ náà.

Ọmọ Aláàdìrẹ
Ọlọ́run ó tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣé àwọn Yorùbá wà nínú wọn?

Àkànbí Òlàìyá
Agbègbè Kóńgò àti Àǹgólà ni ọ̀pọ̀ jù lọ ti wá. Freetown ni wọ́n sábà máa ń kó àwọn tiwa lọ, bí wọ́n ṣe kó Àjàyí Crowther lọ ní 1822.

Alásè Orí Òkun
Kí n tó gbàgbé, Àdùkẹ́: igi kan wà ní etíkun Kàríbíánì tí wọ́n ń pè ní manchineel. Èso rẹ̀ dà bí ápù kékeré, májèlé sì ni. Oje rẹ̀ máa ń bó ènìyàn lára, kódà òjò tó bá ṣàn gba ara ewé rẹ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n máa ń fi ọ̀dà pupa yí ìdí rẹ̀ ká, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Kí ó má ṣe sá òjò sábẹ́ igi tí kò mọ̀.

Àdùkẹ́ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun
Áà! Mo ka èyí sétí màmá, wọ́n sì ti ní ọmọ àwọn kò lọ mọ́.

Atukọ̀ Òkè-Fìà
Ẹ sọ fún wọn pé kò ní ráyè dé abẹ́ igi kankan lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Iyọ̀ ni yóò máa fọ̀.

Bàbá Ìbejì Ayétòrò
Ìwé ìrìnnà ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Bí ọ̀gá ọkọ̀ bá ní òun kò dá a padà ńkọ́?

Ẹnjiníà Ìgbọ̀nà
Kí ó ya fọ́tò gbogbo ojú ewé rẹ̀, pẹ̀lú ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀, kí ó fi ránṣẹ́ sí Àdùkẹ́ kí ó tó kúrò ní Las Palmas. Bí ìwé náà bá sì ti padà láti ọ̀dọ̀ aṣọ́bodè, kí ó ṣí i wò lójú ọ̀gá rẹ̀, kí ó wo iye ọjọ́ tí wọ́n gbà á láyè láti lò níbẹ̀, èyí tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ òǹtẹ̀.