Ẹ gbà wá nímọ̀ràn: lẹ́búlẹ́bú kòkòrò àìfojúrí wo la lè fi pa irúgbìn sóyà lára ká tó gbìn ín?

OkoṢakí: Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin ará. Hẹ́kítà kan sóyà, irú tí wọ́n ń pè ní TGx 1448-2E, la fẹ́ gbìn ní Ṣakí. Wọn ò gbin sóyà sórí ilẹ̀ náà rí. Èwo ni ká rà nínú àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń bá gbòǹgbò fa náítírójìn látinú afẹ́fẹ́? Ṣé a ṣì máa ra yúríà, ajílẹ̀ oní-náítírójìn?

ÌyáElésóyà: Lẹ́búlẹ́bú NoduMax ni kẹ́ ẹ wá, èyí tí wọ́n ṣe jáde ní IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn n'Ìbàdàn. Bradyrhizobium, kòkòrò àìfojúrí tí sóyà ń bá ṣe, ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀rá gíráàmù 100 tó irúgbìn kílò 10 sí 15, torí náà mẹ́rin tàbí márùn-ún á ká hẹ́kítà yín. Ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára ọ̀rá kẹ́ ẹ tó sanwó. Ohun abẹ̀mí ni o! Èyí tí oòrùn ti pa nínú ìsọ̀ ò yàtọ̀ sí erùpẹ̀.

Ajílẹ̀Gidi: Ẹ po ṣíbí ìjẹun méjì ṣúgà mọ́ omi 300 ml. Ẹ wọ́n ọn sí irúgbìn kílò 15 nínú báàfù, ẹ rò ó títí gbogbo rẹ̀ á fi máa dán, kẹ́ ẹ tó bu lẹ́búlẹ́bú lé e. Rírò náà kò gbọdọ̀ le, kí èèpo má baà bó. Tí omi bá pọ̀ jù, irúgbìn á so mọ́ra wọn. Ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ ibòji kó gbẹ díẹ̀, ẹ gbìn ín lọ́jọ́ náà, ẹ bo ihò lójú ẹsẹ̀. Ẹ má da ajílẹ̀ mọ́ ọn nínú báàfù, iyọ̀ inú rẹ̀ ń pa kòkòrò.

Yúríà kọ́ rárá. Bí náítírójìn bá ti pọ̀ nílẹ̀, sóyà kì í bọ́ kòkòrò mọ́. SSP, ajílẹ̀ oní-fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ni kẹ́ ẹ ra, nǹkan bí àpò mẹ́rin oníkílò 50, torí pé láìsí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, kókó gbòǹgbò, ìyẹn wúruwúru kéékèèké tí kòkòrò ń gbé lára gbòǹgbò, ò ní pọ̀.

Gbòǹgbò: TGx 1448-2E lè bá kòkòrò ìbílẹ̀ ilẹ̀ wa ṣe, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ní lẹ́búlẹ́bú náà kò pọn dandan. Èmi ò bá wọn gbà lórí ilẹ̀ tí sóyà ò dé rí. Ẹ fi poro méjì sílẹ̀ láìfi nǹkan kan pa irúgbìn wọn, àwọn sì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbìn, kí ọwọ́ má baà gbé kòkòrò débẹ̀.

Nígbà tó bá ń tanná, ẹ fi ọkọ́ wú igi díẹ̀ ní poro méjèèjì yẹn àti níbi tẹ́ ẹ ti fi lẹ́búlẹ́bú pa irúgbìn, kẹ́ ẹ fi wéra. Ẹ má fọwọ́ fà á tu, inú ilẹ̀ ni kókó á já sí. Ẹ fi èékánná la kókó: bí inú rẹ̀ bá pupa bí ẹ̀jẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Bó bá funfun tàbí tó ní àwọ̀ ewé, kò ṣe nǹkan kan.

OkoṢakí: Ẹ ṣé gan-an. Ṣé ká fi èyí tó bá ṣẹ́ kù pa àgbàdo?

ÌyáElésóyà: Rárá, àgbàdo kì í yọ kókó. Azospirillum, kòkòrò àìfojúrí mìíràn, ni wọ́n ń lò fún un ní Brazil, ajílẹ̀ ṣì ń tẹ̀lé e. Ọ̀rá tẹ́ ẹ bá ti já, ẹ lò ó tán lọ́jọ́ náà.