Ìgbọ̀nwọ́ Tó Ń Dùn Wá, Irin Tí A Kò Fi Sílẹ̀

Ẹ̀yin tí a jọ ń gbé irin, mo kí yín. Ọmọ ọdún 43 ni mí, iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, ó sì ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń gbé irin ní jíìmù kékeré kan tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù wa. Kọ́ńkéré tí wọ́n rọ sínú agolo ọ̀dà ló pọ̀ jù nínú ẹrù ibẹ̀, páìpù onírin tó nípọn, tí ọwọ́ kì í ká tán, ni wọ́n sì fi so wọ́n pọ̀. Mo kọ́kọ́ mẹ́nu ba páìpù yìí nítorí pé ó wà lára ohun tó kó bá mi.

Ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún ló bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, lápá òde, níbi tí orí eegun ti yọ gọngọ. Kò dé lójijì. Ní àkọ́kọ́, bí mo bá ti fa ara mi sókè lára irin tán, ibẹ̀ a máa ro mí díẹ̀, á sì ti lọ kí n tó délé. Nígbà tó tó bí oṣù kan, ó di ohun tí a jọ ń jí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù, mo na ọwọ́ sí ríìmù ìwé A4 kan tí a ti tú páálí rẹ̀. Mo da àtẹ́lẹwọ́ délẹ̀, mo fi àtàǹpàkò há a lápá kan, mo fi ìka mẹ́rin há a lápá kejì, bí mo ti ń ṣe láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́. Ríìmù kan kò ju kílò 2.5 lọ. Kí n tó gbé e dé àyà, ìrora já láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́, ìka mi tú, gbogbo ìwé 500 náà sì fọ́n ká sílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo gbé 100 kílò kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ̀rù bà mí gidigidi lọ́jọ́ náà, nítorí pé ọwọ́ yẹn ni mo fi ń jẹun, òun náà ni mo fi ń bọ́ ọmọ.

Ọ̀nà méjì ni mo kọ́kọ́ gbà, méjèèjì kò sì dára. Èkíní ni pé mo ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan: mo fi òróró gbígbóná pa á, mo fi báńdéèjì dì í, mo sì ń gbé oògùn ìrora mì kí n tó lọ sí jíìmù. Oògùn náà pa ìrora lẹ́nu mọ́, kò tún nǹkan kan ṣe, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Ọ̀nà kejì ni pé mo jókòó. Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni n kò fi fọwọ́ kan irin. Ìrora lọ, mo dúpẹ́, mo padà síbi tí mo ti dúró, mo gbé iye kan náà tí mo ń gbé tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo gbé e ni ó tún padà wá, ó sì le ju ti ìṣáájú lọ.

Ẹni tó là mí lójú ni obìnrin kan tó ń ṣe físíò, ìyẹn iṣẹ́ fífi eré ìdárayá tọ́jú ẹran ara àti eegun. Ó fi àtàǹpàkò tẹ orí eegun yẹn, mo fò. Ó ní kí n di ẹ̀ṣẹ́, kí n na apá gbọọrọ, kí n gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sókè bí òun ti ń tì í wálẹ̀. Ojú kan náà ló dùn mí. Ó wá fa àga onígi kan sí iwájú mi, ó ní kí n dì í mú lẹ́yìn, kí àtẹ́lẹwọ́ mi kọjú sílẹ̀, kí n gbé e. N kò lè gbé e. Lẹ́yìn èyí ni ó yẹ ọrùn mi wò, ó bi mí bóyá ìka kankan ń kú tìpìrì, ó sì bi mí bóyá mo lo Cipro, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, láìpẹ́. Mo ti lò ó lóòótọ́, fún taifọ́ọ̀dù, láìgba ìwé lọ́wọ́ dókítà kankan, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń ṣe. Kò sọ pé òun ló fa tèmi, ṣùgbọ́n ó ní kí n mọ̀ pé àwọn oògùn ìdílé yẹn lè ba iṣan tó so ẹran mọ́ eegun jẹ́, àti pé láti 2008 ni àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà ti ní kí ìkìlọ̀ ńlá lórí rẹ̀ máa wà nínú ìwé oògùn náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á ní kẹ́mísìtì bí ẹni ń ra súìtì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ó ṣàlàyé pé àwọn ẹran apá tó ń gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sókè pọ̀, ṣùgbọ́n ojú kan ni iṣan líle tó so wọ́n mọ́ eegun ti pàdé, ibẹ̀ gan-an ló sì ń dùn mí. Nígbàkúùgbà tí ènìyàn bá fi agbára di nǹkan mú, ìka á máa fẹ́ ká ọrùn ọwọ́ wọlé, àwọn ẹran wọ̀nyí ló sì ń dá a dúró. Bí ohun tí a dì mú bá ti nípọn tó, tàbí tí àtẹ́lẹwọ́ bá ti kọjú sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìnira wọn ń pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí ìgbọ̀nwọ́ fi lè bàjẹ́ láìjẹ́ pé ènìyàn ká a rárá. Láti 1883 ni àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi orúkọ tẹ́níìsì pè é (tennis elbow, ìgbọ̀nwọ́ àwọn tó ń gbá tẹ́níìsì), ṣùgbọ́n ó ní káfíńtà, onídìrí, télọ̀ àti àwọn tó ń gúnyán tà ni òun ń rí jù. Ó ní ẹ̀jẹ̀ kì í pọ̀ nínú iṣan bẹ́ẹ̀ bí ó ti ń pọ̀ nínú ẹran, nítorí náà kì í yára san. Bí a bá sì fi í sílẹ̀ láìfún un níṣẹ́ kankan, á tún rẹ̀ sí i. Bí mo ti lóye rẹ̀ ni pé ó dà bí okùn kànga tó lè tún ara rẹ̀ hun, bí a bá ṣáà ń fa omi tí kò ju agbára rẹ̀ lọ.

Ohun tí ó fún mi ṣe kò ṣòro, sùúrù rẹ̀ ló ṣòro. Mo jókòó ti tábìlì, mo tẹ́ apá lé e, mo jẹ́ kí ọwọ́ yọ síta ní etí rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, mo di dọ́ńbẹ́ẹ̀lì (irin kékeré tí a ń fi ọwọ́ kan gbé) kílò 4 mú, mo sì dúró bẹ́ẹ̀ láìmi fún ìṣẹ́jú àáyá 45. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú méjì láàárín. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe èyí. Lẹ́yìn rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì bá ọ̀tún gbé irin náà sókè, kí ọ̀tún nìkan wá máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka ení dé ẹẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀nà mẹ́ta, ọjọ́ kan bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kan bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejìlá, mo ti ń gbé kílò 8 sókè sódò láìsí ìrànlọ́wọ́.

Òfin tó fi lélẹ̀ ni mo rò pé ó gbà mí là ju eré ìdárayá náà lọ. Ó ní kí n fi ìrora sórí òṣùwọ̀n láti òdo dé 10. Bí kò bá ju 3 lọ nígbà tí mo ń gbé irin, kí n máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni adájọ́. Bí ìgbọ̀nwọ́ bá le gan-gan ju ti òwúrọ̀ àná lọ, a jẹ́ pé iṣẹ́ àná ti pọ̀ jù, kí n dín in kù, kí n má sì dá a dúró pátápátá.

Nítorí náà n kò kúrò ní jíìmù. Mo pinnu láti dẹ́kun fífa ara mi sókè lára irin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo sì fi gbígbé dọ́ńbẹ́ẹ̀lì sí ìhà, tí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí ara, dípò rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ gbé irin kúrò nílẹ̀, mo ń fi okùn aláṣọ dè é mọ́ ọrùn ọwọ́ kí ìka má baà ṣiṣẹ́ jù, mo sì pa páìpù nínípọn tì fún irin tẹ́ẹ́rẹ́. Títì irin sókè lórí bẹ́ńṣì kò dùn mí, n kò yí i padà. Mo sì ń gbé irin lé èjìká, mo ń bẹ̀rẹ̀, mo ń dìde, bí mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ọ̀rọ̀ kò yí padà. Físíò náà ní kí n ka iye ìgbà tí mo ń di nǹkan mú níbi iṣẹ́. Mo kà á lọ́jọ́ Túsìdeè kan: ríìmù 140 ni mo fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan gbé láti òkè, àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, láàárín òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ohun tí mo ń dín kù ní jíìmù, ìlọ́po rẹ̀ ni mo ń fi kún un lẹ́nu iṣẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé ríìmù láti ìsàlẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ sókè. Ọjọ́ yẹn ni ìwòsàn tèmi bẹ̀rẹ̀, mo fi ń dá yín lójú.

Láràárọ̀ Sátidé, mo máa ń gbé ríìmù kan lọ́nà àtijọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré, láti fi wọn ara mi wò. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo rí i pé ara ti fúyẹ́, n kò jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà pé, mo sáré lọ fa ara mi sókè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ìyẹn sì dá mi padà sẹ́yìn fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ọ̀sẹ̀ kẹwàá ni ríìmù náà gòkè láìdùn mí. Ó gbà mí ní oṣù márùn-ún kí n tó padà sí gbogbo ohun tí mo ń ṣe.

Láti ọ̀dọ̀ arábìnrin kan ní Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ sọ tiyín. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe níbí. Gbígbé ènìyàn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ni iṣẹ́ wa, mo sì ń gbé irin lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ kí ẹ̀yìn mi lè gbà á. Ojú kan náà tí ẹ sọ yẹn ló mú mi, ní ọwọ́ òsì. N kò ní sùúrù bíi tiyín. Abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ọ̀dù, oògùn tó ń mú wíwú àti ìrora lọ, ni mo gbà. Lọ́jọ́ kẹrin, ìrora ti lọ pátá, mo sì ń yọ̀, mo ń gbé ẹrù bí ẹni tí kò ṣe rí. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, n kò lè ṣí ìdérí ìgò.

Ìgbà náà ni mo wá gbọ́ nípa ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Brisbane, ní Ọsirélíà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013. Ènìyàn 165 tó ní àìsàn yìí ni wọ́n yẹ̀ wò. Láàárín ọdún kan, nínú àwọn tó gba abẹ́rẹ́ tòótọ́, 54 nínú 100 ni ó padà sí lára. Nínú àwọn tó gba abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn, 12 péré ni. Ká ní mo ti mọ̀ ni, ǹ bá ti bi dókítà ní ìbéèrè kí n tó na apá. Eré ìdárayá tí ẹ júwe ni mo padà wá ṣe, ó sì gbà mí ní oṣù mẹ́jọ. Bẹ́líìtì kékeré tí wọ́n ń dè sí ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ ràn mí lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó ń jẹ́ kí n lè parí ọjọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló wò mí sàn.

Láti ọ̀dọ̀ àbúrò kan ní Ìbàdàn

Ẹ káàsán, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Apá inú ni tèmi wà, lápá ibi tí ìgbọ̀nwọ́ ti ń kan ìhà. Mo rí eré ìdárayá bíi ti ẹ̀gbọ́n, mo da àtẹ́lẹwọ́ délẹ̀, mo ṣe é fún oṣù kan, kò sí àǹfààní. Olùkọ́ eré ìdárayá wa ló sọ fún mi pé àwọn ẹran tó ń ká ọrùn ọwọ́ wọlé ló so mọ́ apá inú, pé kí n yí àtẹ́lẹwọ́ sókè. Láti ìgbà náà ni ó ti ń dín kù. Ìka ọmọńdinrín àti èyí tó tẹ̀ lé e tún ń kú tìpìrì lóru. Wọ́n ní iṣan ìmọ̀lára tó gba ẹ̀yìn eegun apá inú yẹn kọjá ni, wọ́n sì ní kí n má ṣe ká apá sábẹ́ orí sùn mọ́. Mo yí aṣọ ìnura mọ́ ìgbọ̀nwọ́ kó má lè ká, mo sì ń sùn dáadáa báyìí.

Ẹni àkọ́kọ́

Àbúrò mi, o ṣeun, n kò mẹ́nu ba apá inú rárá. Jẹ́ kí wọ́n tún yẹ ọ́ wò bí ìka náà bá ń kú lọ́sàn-án tàbí tí ọwọ́ rẹ kò bá lágbára mọ́. Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́: bí ẹ bá ń gbé irin, tí nǹkan já pó ní iwájú ìgbọ̀nwọ́, tí ẹran apá sún lọ sókè, tí ibẹ̀ sì dúdú, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ dọ́ńbẹ́ẹ̀lì kílò 4. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà, nítorí pé bí iṣan tó já bá ti pẹ́ kí wọ́n tó rán an, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣòro tó.

Arábìnrin wa ní Peckham, ẹ kú ìfaradà. Ọ̀la ni Sátidé. Ríìmù méjì papọ̀ ni mo fẹ́ gbé láti òkè fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré. Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni n ó tó mọ èsì rẹ̀, n ó sì sọ ọ́ fún yín.