Ọ̀nà ẹsẹ̀ Goshikinuma: ṣé orúnkún màmá mi á gbà á?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Àbúrò mi tó wà nílẹ̀ Japan ní kí èmi àti màmá wa wá kí òun lóṣù kẹwàá. Goshikinuma ni màmá fẹ́ rí jù, àwọn adágún aláràbarà tó ṣẹ̀ wá nígbà tí òkè oníná Bandai bú gbàmù ní 1888. Aládìrẹ ni wọ́n ní Ìtòkú níbí. Bí wọ́n ṣe rí fọ́tò Ao-numa, ọ̀kan nínú àwọn adágún náà, lórí fóònù mi, wọ́n fi ìka fẹ̀ ẹ́, wọ́n ní, "Aró ta nìyí?" Mo ní èròjà inú òkúta òkè náà ló pa omi láró bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, wọn ò sọ̀rọ̀ míì mọ́.

Orúnkún ń dùn wọ́n, ọ̀nà ibẹ̀ sì tó kìlómítà 3.6. A ti ra ọ̀pá àti bàtà tí kì í yọ̀. A dán àtẹ̀gùn Olúmọ wò: gígùn ò ni wọ́n lára, sísọ̀kalẹ̀ ni. Mo rò ó pé ká dúró sí Bishamon-numa, tó tóbi jù, ká wa ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ao-numa ló wà lọ́kàn wọn, ìdí adágún Yanagi-numa, ní ìpẹ̀kun kejì ọ̀nà náà, ló sì wà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mú àgbàlagbà débẹ̀, ṣé ká rin ọ̀nà náà já, àbí ká gba ìdí Yanagi-numa wọlé, ká wo Ao-numa, ká sì padà?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Ẹ ṣeun púpọ̀ o.