Lẹ́tà ọmọ mi ní Cyprus lókè, ó ní Turkey nísàlẹ̀: ṣé kí n sanwó?

Ìyá Aláṣọ, Balógun:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó bọ́ lọ́wọ́ mi.

Aṣọ ni mo ń tà ní Balógun, Èbúté Mẹ́ta nilé wa. Àbígbẹ̀yìn mi obìnrin pé ọmọ ọdún 19 lóṣù tó kọjá. Ìgbà mẹ́ta ló ti ṣe JAMB. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ kọ́, láti kékeré ló ti ń sọ ọ́. Lọ́dún tó kọjá máàkì rẹ̀ dáa, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ò jáde. Láti ìgbà yẹn ni ọmọ ò ti túra ká mọ́. Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ kan bá wá ra áńkárá tí wọ́n fẹ́ wọ̀ sí àjọ̀dún iléèwé wọn, á ní kí èmi dá a lóhùn, òun á wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ.

Wọ́n mú wa mọ éjẹ́ǹtì kan ní Ìkẹjà. Ó ní Cyprus dáa, pé erékùṣù ni, òkun yí i ká, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn. Ó ní wọ́n ti fún ọmọ ní sìkọ́láṣípù tó gé owó iléèwé sí ìdajì. Ó ní tó bá ti débẹ̀ á ríṣẹ́ ṣe, owó iṣẹ́ náà ni á fi san tọdún kejì, àti pé láti ibẹ̀ ó lè gbọ̀nà wọ Jámánì. Mílíọ̀nù kan àbọ̀ ló fẹ́ kí n san kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Àjọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ni owó yẹn, kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Lálẹ́ àná mo fi awò sójú, mo ka lẹ́tà ìgbaniwọlé tí éjẹ́ǹtì fún wa láti òkè délẹ̀. Cyprus ló wà lókè. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi àdírẹ́sì, wọ́n kọ "Mersin 10, Turkey". Mo pe éjẹ́ǹtì, ó ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé kí n sanwó àbí kí n dúró?

Bọ̀ọ̀dá Ṣùúrùlérè:

Ẹ kú làálàá ọmọ, mà. Mo lo ọdún mẹ́rin ní apá àríwá Cyprus, ní Lefkoşa, ìlú tí àwọn òyìnbó ń pè ní Nicosia. Ibi tó yẹ kí ẹ wò gan-an lẹ wò yẹn.

Ìlú etíkun kan ní Tọ́kì, Turkey yẹn, ni Mersin. Lẹ́tà ń gba ibẹ̀ nítorí pé apá àríwá erékùṣù yẹn, Tọ́kì nìkan ló kà á sí orílẹ̀-èdè láyé yìí. Ọdún 1960 ni Cyprus gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọdún kan náà pẹ̀lú wa. Ní 1974 àwọn ọmọ ogun Tọ́kì wọlé, erékùṣù sì pín sí méjì. Ní 1983 apá àríwá kéde pé òun ti dá dúró. Apá gúúsù ni Cyprus tó wọ ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní 2004, yúrò ni wọ́n ń ná níbẹ̀. Lira ti Tọ́kì ni wọ́n ń ná ní àríwá. Éjẹ́ǹtì máa ń pe méjèèjì ní Cyprus, á sì dákẹ́.

Ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì. Tó bá jẹ́ Ercan lọkọ̀ òfurufú máa balẹ̀ sí, àríwá ni, Tọ́kì ló sì gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Tó bá jẹ́ Larnaca tàbí Paphos, gúúsù ni.

Ti Jámánì yẹn, ẹ gbé e kúrò lọ́kàn. Bí mo bá dúró ní bákónì ilé tí mo gbé, mò ń rí òrùlé ilé àwọn ará gúúsù, pẹ̀lú táǹkì omi tí oòrùn ń gbóná fún wọn lókè rẹ̀. Ààlà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ UN ń ṣọ́ ló wà láàárín wa. Àwọn òyìnbó ń fẹsẹ̀ rìn kọjá ní Ledra Street lọ mu kọfí, wọ́n ń padà. Ọdún mẹ́rin, n ò kọjá rí. Ìwé ìgbélùú tí àríwá fún wa, gúúsù ò kà á sí ìwé.

Mi ò ní bú ibẹ̀ o. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wa lóòótọ́. Kò sí ìyanṣẹ́lódì, ọdún mẹ́rin tí wọ́n dá fún mi ni mo fi parí, àwọn ẹgbẹ́ mi nílé ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wakọ̀ sí bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́nu mẹ́ta wa yìí náà ni wọ́n ń lò. Àmọ́ bàbá mi ló san gbogbo rẹ̀. N ò gbójú lé iṣẹ́ kankan.

Ìyá Ìbejì, Bàríga:

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yẹn ló bà mí nínú jẹ́, torí ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn.

Oṣù kejì ọdún ni ọmọ mi débẹ̀. Ó ní òun rò pé ilẹ̀ olóoru ni. Inú yàrá tutù ju ìta lọ, kò sí ohun tó ń mú ilé gbóná, ó ń wọ ṣòkòtò mẹ́ta sùn. Onílé ní pọ́n-ùn ti Gẹ̀ẹ́sì lòun ń gbà, kó san ti oṣù mẹ́fà sílẹ̀. Ó wáṣẹ́ abọ́ fífọ̀ ní ilé oúnjẹ kan. Lira ni wọ́n ń san fún un, lira sì ń já wálẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tó yá, ọ̀gá ò san oṣù méjì. Kò lè fẹjọ́ sùn, torí ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ìwé iṣẹ́. Nígbà tí ọdún kejì dé, fíríìsà méjì tí mo fi ń ta ẹja ni mo tà tí mo fi san owó iléèwé.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ, ìyá mi. Ẹ má wo tọdún kìíní nìkan. Ẹ ka gbogbo ọdún náà, kí ẹ bi ara yín bóyá àjọ yẹn lè gbé e délé.

Ẹ sì rántí pé kò sí ẹ́ḿbásì wa níbẹ̀. Tó bá di wàhálà, Ankara ní Tọ́kì ni tiwa wà. Ní 2020, Abike Dabiri-Erewa tó jẹ́ olórí NIDCOM, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà lókè òkun, kìlọ̀ ní gbangba pé kí àwọn ọmọ wa má lọ kàwé níbẹ̀ mọ́, torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n pa.

Ọmọ Yábàá:

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin màmá, ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé ikú ló wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi wà ní Famagusta, ní àríwá níbẹ̀ náà, ara rẹ̀ le, ó ń kàwé dáadáa. Ohun tí mo mọ̀ ni pé èèyàn lè kọ̀wé sí iléèwé fúnra rẹ̀. Iléèwé ló ń sanwó fún éjẹ́ǹtì lórí ọmọ tó bá mú wá. Ìdajì tí wọ́n pè ní sìkọ́láṣípù yẹn, bóyá ni ẹnikẹ́ni wà tí wọn kì í fún. Ẹ má san kọ́bọ̀ sí àpò éjẹ́ǹtì.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ìsàlẹ̀ Èkó:

Aya wa, iṣẹ́ yìí ni mo ṣe dàgbà, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Nọ́ọ̀sì tó bá kàwé lókè òkun kì í kàn délé kó wọ wọ́ọ̀dù. Nursing Council gbọ́dọ̀ yẹ ìwé rẹ̀ wò, kí wọ́n tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ lọ bi wọ́n nípa iléèwé náà kí ẹ tó sanwó, ẹ má dúró dìgbà tí ọmọ bá gboyè.

Ṣé ọmọ ti gbìyànjú kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba Èkó ní Ìgándò? Àbí ti LUTH ní Ìdí-Àràbà? Yunifásítì nìkan kọ́ ló ń kọ́ nọ́ọ̀sì, àwọn wọ̀nyí ní fọ́ọ̀mù tiwọn. Ibi tí èmi gbà wọlé nìyẹn, iṣẹ́ náà ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin.

Ìyá Aláṣọ, Balógun:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo pe éjẹ́ǹtì láàárọ̀ yìí, mo ní, "Ọ̀gá, Ercan ni àbí Larnaca?" Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Ó wá ní ta ló ń kọ́ mi lọ́rọ̀, pé tí n ò bá san lọ́jọ́ Ẹtì, àyè náà á bọ́. Mo ní kó bọ́.

Mo gbé fóònù fún ọmọ lálẹ́. Ó ka ọ̀rọ̀ yín títí aago kan fi lù, mo ń gbọ́ ọ tó ń fa imú. Nígbà tílẹ̀ mọ́, kò sunkún mọ́. Ó ní òun ṣì fẹ́ lọ òkè òkun lọ́jọ́ kan, àmọ́ òun fẹ́ kọ́kọ́ lọ wo Ìgándò. N ò mọ̀ pé ó lè gbà á bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì Àgbà, ẹ dákun, ṣé ẹ lè bá wa dé ibẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ìsàlẹ̀ Èkó:

Ọjọ́ Ajé, aago méje àárọ̀, kí gòsúlóò tó bẹ̀rẹ̀. Kó mú èsì WAEC rẹ̀ dání, àti ìwé ọjọ́ ìbí. Ẹ jẹ́ kó jẹun kó tó jáde.