Àbọ̀ ni nostos, kì í ṣe ìtòkunbọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìtàn Odysseus láti inú ewì Homer, akéwì Gíríìkì àtijọ́, béèrè ọ̀rọ̀ méjì lọ́wọ́ wa, wọ́n sì ti fi tiwọn lélẹ̀ ná. Wọ́n ní kí á pe nostos, bí akọni ṣe ń ti ojú ogun darí wálé, ní "ìtòkunbọ̀", kí á sì pe ìwà Penelope, aya Odysseus, tó ń retí ọkọ rẹ̀ fún ọdún 20, ní "ìdúródọkọ". Mo fi méjèèjì sẹ́nu, mo jẹ wọ́n wò. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, n kò rí èyíkéyìí gbé mì.

Mo rí ọgbọ́n tó wà nídìí "ìtòkunbọ̀". Orí omi ni wàhálà nostos wà lóòótọ́: ọkọ̀ làwọn ọmọ ogun Gíríìkì wọ̀ lọ sí Troy, ọkọ̀ náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ wọ̀ bọ̀. Àwa náà sì ti ń sọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tí wọ́n gbé wálé ní Tòkunbọ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ tòkunbọ̀ lónìí tí ọkàn rẹ̀ kì í lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta mọ́tò? Ẹ kọ "Odysseus tòkunbọ̀" kí ẹ wò ó bóyá òǹkàwé kò ní béèrè ipò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. (Aláwàdà lè ní irọ́ kọ́: ọdún kan lọ́dọ̀ Circe, ọdún méje lọ́dọ̀ Calypso, àwọn abo òrìṣà méjì tó bá gbé lọ́nà, àlòkù ni baálé ilé tó gúnlẹ̀ sí Ithaca, erékùṣù rẹ̀.)

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rín sílẹ̀. Penelope gan-an ni kò jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ yẹn. Ní ìwé 23, nígbà tó gbà tán pé ọkọ òun nìyí, Homer fi wọ́n wé àwọn tí Poseidon, òrìṣà òkun, fọ́ ọkọ̀ wọn sójú agbami, tí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn lúwẹ̀ẹ́ bọ́, tí iyọ̀ òkun gbẹ mọ́ wọn lára, tí inú wọn wá ń dùn bí ẹsẹ̀ wọn ṣe kan ilẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ọ á rò pé Odysseus ni wọ́n ń wí, òun ṣáà lòkun jẹ níyà. Rárá o. Penelope ni: bí ilẹ̀ ṣe dùn mọ́ àwọn yẹn ni ọkọ rẹ̀ ṣe dùn ún wò. Obìnrin tó jókòó sílé ní gbogbo ọdún 20 yìí ló gúnlẹ̀! Ọ̀rọ̀ tí a bá ti òkun mọ́ inú rẹ̀ kò ní gbà á láyè.

Àbọ̀ ni tèmi. A ní àlọ, a ní àbọ̀. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Àlọ ni ti ahun, àbọ̀ ni ti àna rẹ̀. Ó kúrú bíi nostos fúnra rẹ̀, kò sì sọ pé orí omi ni tàbí orí ilẹ̀. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé ẹni tí a rán níṣẹ́, tó bá dé, ó ní láti jábọ̀. Bíbọ̀ àti ìròyìn rẹ̀, inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé. Homer náà kò yà wọ́n: láti ìwé 9 dé 12, Odysseus fúnra rẹ̀ ló jókòó láàrin àwọn ará Phaeacia, tó gbà á lálejò lọ́nà, tó ń ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí. Nígbà tó délé, Athena, abo òrìṣà tó ń ràn án lọ́wọ́, dá ilẹ̀ dúró kó má tíì mọ́, tọkọtaya dùbúlẹ̀, Penelope ro ti ẹ̀, ọkọ náà wá ro tirẹ̀. Wọ́n jábọ̀ fún ara wọn. Ẹni tó bá ní yóò dàrú mọ́ ààbọ̀, kó lọ bá àwọn tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ jà.

Ní ti nostalgia, tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan, Johannes Hofer, fi nostos àti algos, ìrora, so pọ̀ ní Basel lọ́dún 1688, ẹ má wulẹ̀ dá nǹkan kan sílẹ̀. Àárò ilé ló ń sọ Odysseus tó fi ń sunkún létí òkun Ogygia, erékùṣù Calypso.

Ó wá ku Penelope. "Ìdúródọkọ" sọ ọ́ di ẹni tó dúró síbùdókọ̀. Ọkùnrin 108 ló ń jẹ, tó ń mu nínú ilé ọkọ rẹ̀, tí wọ́n ní kó mú ọ̀kan nínú àwọn. (Ẹ má pè wọ́n ní olùṣúpó o, wọn kì í ṣe ẹbí ọkọ.) Ó ní òun ń hun aṣọ ìsìnkú fún Laertes, baba ọkọ òun, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun hun ún tán. Ó ń hun ún lọ́sàn-án, ó ń tan iná tú u lóru, ọdún mẹ́ta gbáko kí ìránṣẹ́ tó tú àṣírí rẹ̀. Gbólóhùn rẹ̀ ní ìwé 19 dùn ní Yorùbá ju bí mo ṣe rò lọ: ìgbéyàwó ń kán wọn lójú, èmi ń ran ọgbọ́n. Ran, bí a ṣe ń ran òwú.

"Aya olóòótọ́" tí ẹlòmíì dábàá náà kò bá a mu. Homer ń pè é ní periphron, ẹni tó ń ro ọ̀rọ̀ yíká kó tó ṣe é, àti echephron, ẹni tó ní làákàyè. Tí a bá fi òótọ́ ṣe òṣùwọ̀n, a ó ní láti wọn ọkọ náà, ẹ sì ti gbọ́ nípa Circe. Ilé yẹn kan náà ni wọ́n ti so ìránṣẹ́bìnrin 12 rọ̀ nítorí pé wọ́n bá àwọn ọkùnrin 108 yẹn sùn. Ibẹ̀ kì í dùn mí kà.

Ọ̀rọ̀ tí mo rò pé ẹ̀gbọ́n ń wá ni homophrosyne, kí èrò ẹni méjì ṣọ̀kan, tí Odysseus lò nígbà tó ń bá Nausicaa, ọmọbìnrin ọba Phaeacia, sọ̀rọ̀ ní ìwé 6. Mo kọ́kọ́ fẹ́ lo "inú kan", torí pé phren, níbi tí ìrònú ń gbé lójú Homer, kò jìnnà sí inú tiwa tó ń rò, tó ń dùn, tó ń bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní inú kan lọ́dọ̀ wa ni ẹni tí kò lẹ́tàn nínú, àwọn méjèèjì yìí sì kún fún ẹ̀tàn dé ọrùn. "Àjọrò" ńkọ́? Àwọn tó bá ríra ló ń jọ rò, àwọn méjèèjì yìí kò sì ríra fún ọdún 20.

Ẹ wo ìbùsùn wọn. Penelope, tí kò tíì gbà pé ọkọ òun ni àlejò yìí, ní kí Eurycleia, ìránṣẹ́ àgbà ilé náà, gbé e jáde kúrò nínú yàrá fún un. Odysseus fò fẹ̀rẹ̀: ta ló gbé ìbùsùn mi kúrò? Igi ólífì tó ṣì ta gbòǹgbò sílẹ̀ ló fi ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Ó kọ́ yàrá yí igi náà ká, ó gé ẹ̀ka rẹ̀ kúrò, ó fi wúrà, fàdákà àti eyín erin ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn méjèèjì àti ìránṣẹ́bìnrin kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n. Orókún obìnrin náà yẹ̀, ó sáré dì mọ́ ọn lọ́rùn. "Àjọmọ̀" ni mo fẹ́ pe èyí. Mo mọ̀ pé phren sún mọ́ rírò ju mímọ̀ lọ, ẹ lè fi ìyẹn dá mi lẹ́bi.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi í sínú ìlà ìwé 6 yẹn, níbi tó ti ní kò sóhun tó dára bíi kí ọkùnrin àti obìnrin fi àjọmọ̀ gbé ilé kan, kó dun ọ̀tá, kó dùn mọ́ ọ̀rẹ́. Ẹ kà á sókè, kí ẹ sọ bó ṣe rí létí yín.