Ímeèlì ṣọ́ọ̀ṣì wa ń bọ́ sínú spam, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà mí

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni wọ́n gbé wẹ́ẹ́bùsáìtì àti ímeèlì ṣọ́ọ̀ṣì wa lé lọ́wọ́, torí pé mo lanu sọ pé mo mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀. Ẹnu mi ló kó bá mi.

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń fi ètò ìsìn ọjọ́ Sọ́ńdè ránṣẹ́ sí nǹkan bí 400 ènìyàn láti inú Gmail ọ̀fẹ́. Mo mọ̀ pé 500 ló gbà lóòjọ́, a ò sì tíì dé ibẹ̀. Síbẹ̀, inú spam ló ń lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ akọrin na fóònù rẹ̀ sí mi: lẹ́tà wa rèé, láàárín ìpolówó oògùn àti ti tẹ́tẹ́! Ojú tì mí.

Ṣé àkọlé tí pásítọ̀ fẹ́ràn ló fà á ni? Lẹ́tà ńlá ni gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú àmì ìyanu mẹ́ta, nọ́ńbà àkáǹtì sì wà nísàlẹ̀. (Ẹ bá mi wá bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún wọn.)

A ti ní orúkọ ìkànnì tiwa. Tí mo bá ń fi ímeèlì ránṣẹ́ láti ibẹ̀, níbo gan-an ni mo ti máa fi SPF àti DKIM (àwọn ètò tó ń fi hàn pé ọ̀dọ̀ wa ni lẹ́tà ti wá lóòótọ́) sí? Ṣé DMARC (èyí tó ń sọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí lẹ́tà tó bá kùnà àyẹ̀wò méjèèjì yẹn) náà pọn dandan fún irú wa, àbí àwọn tó ń fi 5,000 ránṣẹ́ lójúmọ́ nìkan?

Ìkejì: àwọn àlejò tó kọ ímeèlì wọn sínú ìwé lẹ́nu ọ̀nà, ṣé ó tọ́ kí n máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí wọn láì kọ́kọ́ béèrè?